Áńpù Tó Fàyè Sílẹ̀ fún Gángan

Nígbà tí a bá ń kọ̀wé lórí orin jùjú nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, orúkọ ènìyàn ni a máa ń pè. A ó dárúkọ ẹni tó lé orin, a ó dárúkọ ẹni tó ta gìtá, a ó sì máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe èyí tàbí tọ̀hún. Ṣùgbọ́n àpótí dúdú tó dúró lẹ́yìn onígìtá, èyí tí ohùn gìtá ń gbà jáde, kò sẹ́ni tí í bi í léèrè, àfi ọjọ́ tó bá dákẹ́ lójú agbo. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, òun àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n tún un ṣe fún ẹgbẹ́ wa ní ọdún 2022 àti 2023. Lójú tiwa, iṣẹ́ àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ wáyà àti lẹ́ẹ̀dì lọ. Ó ṣeé gbọ́ létí, ó sì ṣeé gbé yẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé àwo orin yẹ̀wò. A gbọ́ iṣẹ́ àwọn méjèèjì, a sì ní ìdájọ́ tiwa. Òyìnbó ń pe àpótí náà ní amplifier. Àwọn onígìtá wa ti gé e kúrú sí áńpù, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó sì ṣe máa pè é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn. Àwọn kan nínú wa gbà pé iná mànàmáná ló ba orin jùjú jẹ́, pé ìgbà tí gìtá kò tíì mọ wáyà ni orin náà jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń kọrin ní Èkó, ẹgbẹ́ jùjú kò ju ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: gìtá tàbí bánjò kékeré, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù pẹlẹbẹ tó ní ṣaworo lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní jùjú. Pálọ̀ àwọn ènìyàn ni wọ́n ti sábà ń ṣeré. Kò sí gángan níbẹ̀. Ta ni yóò mú gángan wọ pálọ̀, kí ó wá bo gìtá onígi àti ohùn ẹnu mọ́lẹ̀? Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ọ̀nà là. Ní 1948 ni Àkànbí Wright mú gángan wọ inú jùjú; ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ iná. Christopher Waterman, òyìnbó Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí ìtàn orin jùjú ní 1990, fi hàn pé nǹkan méjèèjì so mọ́ra wọn. Ìgbà tí ẹ̀rọ lè gbé ohùn gìtá àti ohùn ẹnu sókè ni ẹgbẹ́ jùjú tó lè fi ìlù kún ìlù láì jẹ́ kí ìlù gbé orin mì. Àpótí òyìnbó yìí gan-an ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìlù àwọn baba wa.

Ohun tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. I.K. Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ebenezer Obey àti Sunny Adé wá fi gìtá lé gìtá, wọ́n fi gángan lé gángan, títí agbo fi kún. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá áńpù kan dára fún orin wa, ìbéèrè kan ló yẹ kí ó kọ́kọ́ bi í: ṣé o ṣì ń fàyè sílẹ̀ fún gángan? Ìbéèrè yìí ni ọkùnrin àkọ́kọ́ kò bi í. Ẹnì kejì bi í.

Áńpù ẹgbẹ́ wa, Vox AC30 ni. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló rà á ní àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ní àwọn ọdún 1970, òun náà ló sì fi í ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì tó ń padà sí Ìjẹ̀bú. Ilé iṣẹ́ Tom Jennings ní Dartford, ní ẹkùn Kent, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950. Dick Denney ló ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn Shadows lò ó, àwọn Beatles lò ó, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ òyìnbó fi ń wá a kiri títí di òní. Ó lé ní 30 kílò. Ẹni tó bá ti bá wa gbé e gun àkàbà gbọ̀ngán rí kò nílò kí a sọ ìyẹn fún òun.

Nínú rẹ̀, kò sí ohun tó jọ kọ̀ǹpútà. Fáàfù ló wà níbẹ̀, àwọn ìgò kéékèèké tí wáyà inú wọn ń pọ́n bí ẹyin iná nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Àwọn tí à ń pè ní ECC83 ló ń gba ohùn tín-ín-rín láti ara gìtá, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ńlá. Mẹ́rin mìíràn, EL84, ni alágbára tí ń ti ohùn náà jáde sí sípíkà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínǹṣì 12. Ọ̀kan tún wà, GZ34, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti yí iná ilé padà sí irú iná tí àwọn yòókù lè lò. Gbogbo agbára ẹ̀rọ náà kò ju 30 wáàtì lọ. Ẹ má fi nọ́ńbà yìí wé ti àwọn sípíkà òde òní tí wọ́n ń kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì sí lára. 30 wáàtì ti fáàfù, nínú gbọ̀ngán tó gba 150 ènìyàn, lè mú kí ìyá ìyàwó fi ọwọ́ di etí.

Àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí agbo oyin, kí onígìtá tó fọwọ́ kan okùn rárá. Lẹ́yìn náà ó ń ta pàràpàrà bí àgbàdo tí à ń yan. Nígbà tó yá, EL84 kan ń pọ́n ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ, òórùn ìjóná sì ń jáde. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ṣàlàyé fún wa pé kápásítọ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó dà bí agolo kékeré ni, ó ń tọ́jú iná kí ó lè máa ṣàn gbọọrọ. Omi inú rẹ̀ a máa gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá bí a bá pa ẹ̀rọ tì sí sítóòrù láì tàn án. Bí ó bá ti gbẹ, iná yóò máa gbọ̀n dípò kí ó ṣàn. Iná ilé tí à ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ náà sì ń sọ ọ́ di ìgbà 100. Ìgbọ̀n yẹn ni etí ń gbọ́ bí oyin. Kápásítọ̀ kékeré mìíràn wà láàárín àwọn fáàfù. Bí ìyẹn bá ń jò, iná tí kò yẹ kí ó kọjá yóò kọjá sí EL84, òun náà yóò sì máa jó ara rẹ̀.

A gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ níhìn-ín nítorí àwọn ọmọ wa tí ọwọ́ wọn yá. Kí òbí kankan má ṣe jẹ́ kí ọmọ mú súkúrù díráfà tú ẹ̀yìn irú ẹ̀rọ yìí. Iná tó lé ní 300 fóòtì lè wà nínú kápásítọ̀ náà lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì tán, ó sì lè pa ènìyàn. Bákan náà, wáyà ẹlẹ́nu méjì ni ọ̀pọ̀ áńpù àtijọ́ ń lò, kò ní èyí tó lọ sílẹ̀ láti gba iná tó bá ṣìnà. Onígìtá di irin mú, ó sì fi ètè kan gbohùngbohùn onírin. Ẹ fúnra yín ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kó láti ibí lọ sí Amẹ́ríkà, iná ọ̀hún jẹ́ 120 fóòtì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ wo ẹ̀rọ kí ẹ tó kì í bọ ògiri.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìpàdé ẹgbẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa ni iye tí áńpù náà jẹ́ nínú ìwé. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí a fi ń jẹun, àwa la sì ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́, nítorí náà a dáhùn bó ti rí: òdo ni. Ọdọọdún ni à ń dín iye ẹrù kù nínú ìwé, ìyẹn sì ti dé òdo kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé ìlú yìí. Bọ̀ọ̀dá kan dìde, ó ní kí ló dé tí a ó fi ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn lórí òdo, nígbà tí kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lè ṣe gbogbo rẹ̀, ìlù, gìtá, fèrè, kò sì ní jẹ ìrẹsì ènìyàn mẹ́jọ lẹ́yìn eré. Ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ ka iye òde tí ẹ lọ lọ́dún tó kọjá tí ẹ ti rí onígìtá tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ti lé àwọn ènìyàn náà lọ ní méjì méjì, kò sì sẹ́ni tó ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Ìwé owó ní àyè fún ohun tí a rà, kò ní àyè fún ohun tí yóò lọ bí a bá ta á. A dìbò, àwọn tó ní kí a tún un ṣe sì fi ìbò mẹ́ta borí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni a gbé e lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ mọ iṣẹ́, kí a má purọ́. Ó pààrọ̀ gbogbo kápásítọ̀ ńláńlá, ó pààrọ̀ èyí tó ń jò láàárín fáàfù, ó fi wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta sí i, ó so ìdí ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀ bó ti yẹ. Oyin dákẹ́. Àgbàdo dákẹ́. Bí a bá ń fún un ní máàkì lórí ìyẹn nìkan, kò sí èyí tí a ó yọ. Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó yọ GZ34, ó fi dáyóòdù sípò rẹ̀. Ó tún ojú ibi tí gìtá ń wọlé ṣe kí ohùn lè tètè tóbi. Ó yọ sípíkà méjèèjì, ó fi tuntun tó lágbára sí i. Owó tó gbà lé ní 400 pọ́n-ùn, ó sì sọ fún wa pẹ̀lú ayọ̀ pé nísinsìnyí ni áńpù náà tó di AC30 gidi.

A gbé e lọ sí ìkómọjáde kan. Ó bú bí kìnnìún. Bí onígìtá ti fọwọ́ kan okùn báyìí ni ohùn ti há, tó ń fà lọ gbọọrọ bí ìgbà tí alágbe bá ti kọrin mọ́jú. Nínú orin rọ́ọ̀kì, ẹwà ni èyí. Àwọn kan ń san owó gọbọi láti rí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí etí wa gbọ́. Gìtá jùjú kì í dá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń tún gbólóhùn kúkúrú kan ta láìsinmi, èkejì ń ṣe àwàdà lórí rẹ̀, àárín wọn sì ni gángan ti ń wọlé. Nígbà tí ohùn gìtá bá há, àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì yóò dí. Èyí tí a rọra ta àti èyí tí a fi agbára ta yóò di ọgbọọgba. Èyí tó burú jù ni pé, bí okùn méjì bá dún papọ̀ nínú áńpù tó há, ẹ̀rọ náà yóò bí àwọn ohùn mìíràn tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ta. Fún olórin rọ́ọ̀kì, ìyẹn kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gángan kò ní lẹ́tà, ohùn nìkan ló ní. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí gángan bá ń pa òwe, tí áńpù sì ń da ohùn aláìníṣẹ́ sí i, òwe di ariwo.

Ọmọkùnrin kan ló ń lu gángan fún wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá a máa kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kọsẹ̀ lára gángan. Oríkì bàbá rẹ̀ àgbà tí kò lè fẹnu kì tán, ó ń fi ìlù kì í láì ṣi ohùn kan. Lọ́jọ́ náà, ní ìdajì eré, ó fi gángan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó. A lọ bá a. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Mi ò gbọ́ ara mi.” Lóde kejì, ó ní òun ní iṣẹ́ ilé ìwé. Lóde kẹta, kò tilẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ ní kò mú ìlù náà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù méjì. Ohun tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ná wa nìyí, kò sì sí nínú rìsíìtì.

Iṣẹ́ kejì. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ló júwe bàbá Gẹ̀ẹ́sì kan fún wa, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títún tẹlifíṣàn ṣe, tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Bàbá náà ní òun kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà àfi bí òun bá gbọ́ àwọn tí ń lò ó. Ó wá sí ìdánrawò ní ọ̀sán Sátidé kan, tòun ti tíì rẹ̀ nínú fíláàsì. A ti bẹ ọmọ náà kí ó tó gbé gángan wá. Bàbá yìí kò jókòó sídìí áńpù. Ẹ̀gbẹ́ onígángan ló gbé àga sí. Lẹ́yìn orin méjì, ó bi wá pé, ta ló ń pe ta, ta ló sì ń dáhùn? A ṣàlàyé pé gángan ló sábà ń pè tí gìtá ń dáhùn, àmọ́ nígbà mìíràn gìtá ló ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. A ti ń lọ sí òde jùjú láti ìgbà èwe wa, a kò sì rí alárìíwísí kan tó béèrè ohun tó tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yọ àfikún tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe síbi tí gìtá ń wọlé. Ó dá sípíkà àtijọ́ padà. A ní wọn lọ́wọ́, torí pé a ti sọ fún ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ fún wa padà nínú àpò. Ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí a yọ nínú ẹ̀rọ yín, ohun ìní yín ni. Ó mú ECC83 kan kúrò níwájú, ó fi ECC81 rọ́pò rẹ̀. Ojú kan náà ni wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n agbára tí ti àkọ́kọ́ fi ń sọ ohùn di ńlá tó 100, ti èkejì kò ju 60 lọ, nítorí náà ohùn yóò pẹ́ kí ó tó há. Kápásítọ̀ tuntun àti wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní iṣẹ́ ẹni yẹn dára níbẹ̀, òun kò rí ìdí tí òun yóò fi tú u. Ọ̀rọ̀ yẹn wú wa lórí ju ohun gbogbo lọ. Ẹ mélòó nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló lè yin ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú wọn?

Ó dá GZ34 náà padà, níbí ni àwa àti bàbá sì ti yapa díẹ̀. Pẹ̀lú fáàfù yẹn, bí a bá ta okùn pẹ̀lú agbára, iná inú ẹ̀rọ a rọ̀ díẹ̀ kí ó tó gbérí, ohùn a sì rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn dùn fún gìtá tó ń ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n fún gìtá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di àkókò mú bí agogo, dáyóòdù ẹni àkọ́kọ́ mú ohùn ṣe ṣánṣán, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá ní dáyóòdù gbé iná ga ju ibi tí wọ́n ṣètò EL84 sí, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi pa wọ́n. A ṣì ń rí EL84 tuntun rà láti Rọ́ṣíà, Slofákíà àti Ṣáínà, àmọ́ mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ rà lẹ́ẹ̀kan, owó wọn kì í sì í ṣe owó ẹ̀pà. Àpò ẹgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ wa. A gbà fún un.

Kí la wá gbọ́? Áńpù náà kò pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn kan sọ pé ó ti rọ, pé a ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Àwa ò gbà. Bí gìtá bá ti ta gbólóhùn rẹ̀ tán, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kékeré kan ń wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni gángan ń gbà wọlé. Okùn mẹ́ta tó dún papọ̀ ṣì jẹ́ okùn mẹ́ta létí. Kì í ṣe ohùn tó mọ́ bí omi inú ìgò ni a ń wí o. Bí olórin bá ń ki ènìyàn, tí owó ń wọ́ lójú agbo, tí onígìtá sì fi agbára ta á, ohùn náà a máa há díẹ̀ létí, bí ọ̀fun ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ó ń padà sípò.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí a ń wí, kí ó gbé àwo Juju Music tí King Sunny Adé ṣe fún ilé iṣẹ́ Island ní 1982. Gìtá pọ̀ níbẹ̀, ìlù pọ̀ níbẹ̀, gìtá irin ti Dèmọ́lá Adépọ̀jù sì ń yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ kọjá lórí wọn. Kò sí ọ̀kan tó há débi tí yóò fi jẹ èkejì. Kí ó wá padà sẹ́yìn sí àwọn àwo I.K. Dáíró ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, níbi tí gìtá kò ti pọ̀, tí ìlù sì súnmọ́ etí ẹni. Láàárín ìgbà méjèèjì, ẹ̀rọ yí padà, iye olórin yí padà, owó tí wọ́n ń ná sórí àwo yí padà. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún gángan kò yí padà.

Àwọn kan yóò ní, bí a bá gbé e lọ sílé, àwọn rédíónìkì wa ì bá ti ṣe é ní ọjọ́ kan, ní owó tí kò tó nǹkan. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi páálí tuntun sí sípíkà tó ya ní Aláàbá, ẹni tó ń fi ọwọ́ wé wáyà tiransifọ́má tó jóná, ojú oníbàárà ni wọ́n ti sábà ń ṣe é, oníbàárà á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, á ní “ó tún kù díẹ̀.” Ìyẹn gan-an ni bàbá Gẹ̀ẹ́sì yìí ṣe. Ṣùgbọ́n àwa náà ti rí fíúsì tí wọ́n fi wáyà lásán dì nílé, a sì ti gbọ́ òórùn ohun tó tẹ̀ lé e. Bí a bá lè mú etí rédíónìkì wa, kí a fi mọ́ wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta ti ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́, a kò ní béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ náà ti padà. Ó lu gángan ní òde ọdún ẹgbẹ́ ní 2023, ó tún lù ú ní 2024, ó sì ti ń kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìjà tó kù báyìí wà láàárín wa àti onígìtá. Áńpù náà ní kókó kan tí à ń yí, tí wọ́n kọ Cut sí lára, tó ń gé ohùn tó mú ṣáṣá kúrò. Onígìtá wa kì í fẹ́ gé nǹkan kan. Ó ní bí òun kò bá jẹ́ kí ohùn mú bí abẹ, fóònù àwọn ènìyàn kì í gbà á sílẹ̀ dáadáa. A ní ìyàwó kò pe fóònù wá sí òde rẹ̀. Bàbá Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tó yẹ kí kókó náà dúró sí. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan ti fi aṣọ nu àmì náà nù.